Búta Akọ̀wé àti Ẹ̀rọ Olóoru wa ní Krofrom

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje. Àkókò náà dá mi lójú, nítorí pé aago oníná tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Alhaji Sànúsí dúró síbẹ̀ nígbà tí iná lọ, mo sì wo ti ọwọ́ mi: wọ́n bára mu. Alhaji ń ta táyà ní Fante New Town, àwọn sì ni alága ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Kumasi. Iṣẹ́ ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ o, iṣẹ́ títo táyà ni. Mo ti kàwé jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo ti fi ọdún kan sin ìjọba, mo sì ti jókòó sílé ìyá mi ní Sawaba fún oṣù mọ́kànlá.

Fáànù rọra dúró. Alhaji ṣí fìlà, wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn.

"Dumsor," wọ́n ní. Orúkọ tí gbogbo Gáná ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn. "Sìfáwù, kí lo ní o kà ní Yunifásítì?"

"Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, sà."

"Ṣé wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe iná?"

Mo rò ó wò kí n tó dáhùn. "Wọ́n kọ́ wa bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, sà. Wọn ò tíì jẹ́ ká ṣe é."

Títí di òní, mi ò rí irọ́ kankan nínú ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni Alhaji gbọ́. Kí n tó dé Sawaba lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi ti gbọ́ pé mo fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fún gbogbo Yorùbá tó wà ní Kumasi, wọ́n sì ti ń dáhùn "ẹ kú oríire" lọ́wọ́ àwọn ará ilé.

Ohun tí mo padà wá dábàá fún ẹgbẹ́ kéré sí èyí. Ẹ̀rọ olóoru ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń yí. A ó gbé ìkòkò irin tó dé pa kaná. Ooru tó bá ti inú rẹ̀ jáde yóò ti pisitini, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò rẹ̀, pisitini yóò yí àgbá irin kan, bẹ́líìtì yóò so àgbá náà mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé iná sínú bátìrì mọ́tò. Èèpo ẹkùrọ́ la ó máa fi dáná, torí pé àwọn tó ń fún epo ń dà á nù. Mo kọ ohun tí mo retí sórí ìwé: gílóòbù mẹ́rin, àti fóònù mẹ́fà tí a lè ṣáàjì.

Ẹgbẹ́ yan Ìgbìmọ̀ Iná. Mùsùlùmí márùn-ún, Kìrìsìtẹ́nì márùn-ún, pẹ̀lú Alhaji láàárín. Wọ́n ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ra bóòtù kan ṣoṣo. Ìpàdé kìíní dá lórí orúkọ ẹ̀rọ, ìkejì lórí àwọ̀ tí a ó fi kùn ún, ìkẹta lórí ẹni tí yóò gbàdúrà lọ́jọ́ ìṣíṣọ ẹ̀rọ náà. Wọ́n fẹnu kò pé Alfa Yúsúfù yóò gbàdúrà, Pásítọ̀ náà yóò gbàdúrà, àdúrà méjèèjì yóò sì gùn dọ́gba. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé wa ni Ọ̀gbẹ́ni Rájí, akọ̀wé ọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, tí gègé kì í kúrò létí wọn. Nígbà tí mo rí ìwé ìpè tí wọ́n tẹ̀, gílóòbù mẹ́rin mi ti di "iná fún gbogbo Krofrom", ìyẹn gbogbo àdúgbò tí ẹ̀rọ náà yóò wà.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Sà, mẹ́rin ni mo kọ."

"Mo rí i. Engineer, bí a bá kọ mẹ́rin, ta ló máa wá?"

Gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ nípa èèyàn, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an ti wáyé ni ṣẹ́ẹ̀dì Bàbá Délé ní Krofrom. Wẹ́dà ni Bàbá, irin ni wọ́n ń jó pọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìdílé wọn ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, Twi ni wọ́n sì fi ń bú irin tí kò bá gbọ́ràn. Lílu irin láti kékeré ti ba etí wọn jẹ́: ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró síwájú wọn kó la ẹnu dáadáa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, wọ́n wo ìwé àwòrán mi, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n tún wò ó.

"Ó dára," wọ́n ní. "Èwo ni wàá lè ṣe nínú ẹ̀?"

Sìlíńdà gáàsì àtijọ́ kan la fẹ́ sọ di ìkòkò irin. Mo gbé iná tí wọ́n fi ń gé irin, mo ń lọ sídìí rẹ̀. Bàbá gbá mi lọ́wọ́.

"Fi omi kún un ná."

"Gáàsì ti tán nínú ẹ̀, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ronú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo gbé e, ó fúyẹ́, mo sì ti gbà pé ó ṣófo. Èmi tí mò ń bá ẹgbẹ́ jiyàn lórí gílóòbù mẹ́rin, mo fẹ́ fi iná gé sìlíńdà gáàsì lórí ohun tí n kò wádìí. A rọ omi kún un dé ẹnu kó lè lé gáàsì tó bá ṣẹ́ kù jáde. Nígbà tí omi ń wọlé, mo gbóòórùn gáàsì náà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí a fi jẹun ọ̀sán.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Pisitini wa ti ara ọ̀kadà kan tó ti kú wá, àgbá irin wa sì ti ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn títí wọ́n fi parí rẹ̀, ni fáàfù. Imú ìkòkò ni wọ́n ń pè é. Ihò kékeré ni, ó wà lórí ìkòkò, irin kan sì dé e. Apá irin gígùn ló tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀, a wá so agolo kan tí nọ́ọ̀tì irin wà nínú rẹ̀ kọ́ ìparí apá náà. Tí ooru inú ìkòkò bá lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, yóò gbé ìdérí, yóò tú jáde, gbogbo nǹkan yóò sì padà rọlẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá la fi sínú agolo. Pẹ̀lú mẹ́rìnlá yẹn, fáàfù máa ń ṣí nígbà tí abẹ́rẹ́ géèjì, aago tó ń wọn agbára ooru, bá kan nọ́ńbà mẹ́rin.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ di ìkòkò nímú," Bàbá ní. "Èmi náà ò gbọdọ̀."

Lẹ́yìn náà a fi omi tútù dán an wò. A rọ ọ́ kún, a yọ fáàfù, a fi bóòtù dí àyè rẹ̀ fún ìdánwò yìí nìkan, a fi pọ́ǹpù ọwọ́ tì í títí géèjì fi kan mẹ́jọ, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ojú ìjó kan, ibi tí a ti jó irin pọ̀, ń sunkún: omi ń kán níbẹ̀. Bàbá tún un jó, a tún un dán wò, ó gbẹ. Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ omi tútù. Wọ́n ní, "Omi tútù máa ń kìlọ̀. Ooru kì í kìlọ̀." Mo wá ìwé mi wò lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ewé mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ohun kan náà.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ìṣíṣọ tó dé, Akọ̀wé wá ṣàyẹ̀wò, gègé àti ìwé lọ́wọ́.

"Kí ni agolo tó rọ̀ yìí wà fún?"

"Òun ló ń tẹ ẹnu fáàfù pa, sà."

"Tí a bá wá fi kún un ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ̀ á pa sí i, sà."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ àṣìṣe tó tóbi jù tí mo ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun ni màá mú. Mo sọ ohun tí ẹrù ń ṣe fún fáàfù. Mi ò sọ ìdí tí fáàfù fi wà.

Ọjọ́ Sátidé ni ìṣíṣọ. Mo dé ní kùtùkùtù, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ìkòkò, ní ìta géètì, pé kí gbogbo àga wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé wò ó bí ẹni tó rí èébú.

"Engineer, ṣé kí Alhaji jókòó síta bí ẹni tí a ò pè?"

Wọ́n gbé àga wọlé. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀lé ni pé bí èèyàn bá ṣe níyì tó ni yóò ṣe sún mọ́ ìkòkò tó. Àwọn ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó dára jù. Alhaji wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Mo wọ̀n ọ́n. Ògiri wà lẹ́yìn wọn, géètì kan ṣoṣo ló sì wà, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì gba iwájú ìkòkò kọjá. Mo ka èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgbà náà, èmi àti Bàbá Délé wà nínú rẹ̀.

Mo ní kí a má tanná títí àdúrà yóò fi parí. Akọ̀wé ní ooru gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gé ríbọ́nù. A tanná. Àlejò pàtàkì kan pẹ́ kó tó dé, a sì dúró dè é títí ó fi dé. Èèpo ẹkùrọ́ kò mọ àlejò pàtàkì. Tó bá ti ràn, ó ti ràn.

Alfa Yúsúfù ló kọ́kọ́ gbàdúrà. Ní ìṣẹ́jú kejì, abẹ́rẹ́ kan mẹ́rin, fáàfù sì là: "Ṣíììììì!" Alfa gbé ohùn sókè. Fáàfù náà kò rẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ bá a lọ fún ìṣẹ́jú méje. Nígbà tí Alfa ṣe àmín tán, mo gbọ́ tí ìyá kan níwájú mi ń sọ fún ẹnì kejì pé, "Hmm. Ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ Alfa o."

Kò yé mi bí ìròyìn yẹn ṣe yára dé ìlà iwájú. Ohun tí mo rí ni pé Akọ̀wé dìde. Búta kan wà lẹ́bàá ògiri, búta tí àwọn àgbà fi ṣe àlùwàlá, tí wọ́n tún ti bu omi kún. Akọ̀wé gbé e, wọ́n rìn lọ sídìí ìkòkò bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n sì fi ọwọ́ búta náà kọ́ apá irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. Fáàfù dákẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n mi orí díẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì.

Mo ti dìde. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ti gbé ọwọ́ sókè: "Kí gbogbo ojú wà ní dídì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn!"

Ojú mi kò dì. Géèjì wà níwájú mi gbangba. Mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo gbìyànjú láti kọjá. Ọ̀gá kan tó ń darí èrò na ọwọ́ dí mi lọ́nà, ó sì fi ìka sẹ́nu. Bàbá Délé wà ní apá kejì iná. Mo jùwọ́ sí wọn. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, ojú wọn dì pa. Mo pè wọ́n, wọn ò gbọ́. Márùn-ún. Pásítọ̀ ti gbàdúrà fún Gáná àti Nàìjíríà, wọ́n ti wá kan àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Mo gbìyànjú láti rò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mi ò lè sọ pé ìkòkò yóò bú: ó ti gbé mẹ́jọ pẹ̀lú omi tútù. Mi ò sì lè sọ pé kò ní bú: a ò tíì fi ooru kọjá mẹ́rin rí, ojú ìjó kan sì ti sunkún lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá pariwo pé "Ó fẹ́ bú!", mọ́kànlélọ́gọ́ta èèyàn yóò sáré gba ọ̀nà kan ṣoṣo, iwájú ìkòkò náà. Tí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ojú ìjó. Ọ̀nà kan ló kù: kí àdúrà parí ní ìrọ̀rùn. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń parí àdúrà Pásítọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni mo lọ, àràárọ̀ la máa ń gbọ́ ọ.

Mo la ẹnu, èmi Sìfáwù ọmọ Ìlọrin, pẹ̀lú hìjáàbù lórí, mo ké pé:

"Lórúkọ Jésù la gbàdúrà!"

"ÀMÍÌÌÌN!"

Gbogbo ojú là. Ọwọ́ Pásítọ̀ ṣì wà lókè; Kánádà ni wọ́n dé. Kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, mo ti kúnlẹ̀: "Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ dákun, ríbọ́nù wà níta géètì. Ẹ jẹ́ ká lọ gé e ná."

Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò lè kàn jáde bẹ́ẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ máa lọ," Alhaji ní.

"Rárá o, Alhaji, ẹ̀yin ni baba wa."

"Àlejò ni kó ṣáájú."

"Ṣé kí n ṣáájú Alfa ni? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," àlejò pàtàkì náà ní.

Mẹ́fà. Wọ́n dúró síwájú ìkòkò náà, wọ́n ń fi ọlá fún ara wọn. Níkẹyìn Alfa ní "Bismillah", wọ́n gbéra, àwọn tó kù sì tẹ̀lé wọn bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Àwọn ọ̀dọ́ jáde kẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni Bàbá Délé yíjú, tí wọ́n rí búta. Mi ò ní kọ ohun tí wọ́n fi Twi sọ. Wọ́n fa ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ iná jáde lábẹ́ ìkòkò. Mo mú ọ̀pá irin gígùn, mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo fi gbé búta kúrò lára apá.

Ìró tó jáde yàtọ̀ sí "ṣíìì" ti àkọ́kọ́. Páànù òkè ṣẹ́ẹ̀dì gbọ̀n. Ooru bo gbogbo ọgbà, n kò rí Bàbá, wọn ò rí mi. Nígbà tó là, géèjì ti wà lábẹ́ mẹ́ta. Mo jáde lọ ka àwọn èèyàn. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta; pẹ̀lú èmi àti Bàbá, mọ́kànlélọ́gọ́ta pé. Kò sẹ́ni tó fara pa. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́: wọ́n rò pé ara ayẹyẹ ni.

Ẹgbẹ́ Pásítọ̀ sọ pé ẹ̀rọ náà pariwo mọ́ Alfa, ó sì dákẹ́ fún Pásítọ̀. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé ó pariwo nígbà tí kò sí búta, ó sì dákẹ́ nígbà tí búta wà. Wọ́n tún sọ pé mo ti di ọmọ ìjọ. Ìyá mi gbọ́ ọ ní Sawaba kí n tó délé, wọn ò sì dáhùn ìkíni mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe Alfa Yúsúfù.

"Sìfáwù," Alfa ní, "ṣé lóòótọ́ lo fi orúkọ yẹn parí àdúrà?"

"Lóòótọ́ ni, Alfa. Géèjì ti ń lọ sí mẹ́fà."

"Mẹ́rin ló yẹ kó wà?"

"Mẹ́rin ni, Alfa."

"Àga mi ńkọ́, ìṣísẹ̀ mélòó ló jìn sí i?"

"Márùn-ún, Alfa."

Wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Sìfáwù, ẹ fún ọmọ lóúnjẹ."

Pásítọ̀ náà bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ìrìbọmi ti wà nílẹ̀ tí mo bá ti múra tán. Mo dúpẹ́, mo ní omi tí mo rí lọ́jọ́ náà ti tó.

Ọ̀sán ọjọ́ ìṣíṣọ yẹn kan náà, nígbà tí àwọn àlejò ń jẹ wàákyé, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà, níta, èmi àti Bàbá yẹ gbogbo ojú ìjó wò, a sì tún iná dá. Géèjì kan mẹ́ta, àgbá irin yí, gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn fún ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ẹni kẹta tó rí i ni Akọ̀wé, tí wọ́n wá mú búta.

"Mẹ́rin péré?" wọ́n ní.

"Mẹ́rin, sà. Bí mo ṣe kọ ọ́."

Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí ní ohun tí n kò retí: "Kí ló dé tó fi ń pariwo gan-an?" Mo sọ fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Gègé wọn wà létí, wọn ò sì fà á yọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n rìn láti ìdí ìkòkò lọ sídìí àga Alhaji tó ṣófo, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì jókòó sórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n mú búta wọn lọ.

Ìròyìn ẹgbẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà ṣì sọ pé gbogbo Krofrom tàn. Ó fi kún un pé mo di Injinía Àgbà ẹgbẹ́. Mi ò rí injinía mìíràn tí mo fi jẹ́ àgbà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Délé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mi ò sì to táyà rárá. A ti ń ṣe ìkòkò kejì fún àwọn obìnrin tó ń fún epo ẹkùrọ́. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri lókè fáàfù, ní Yorùbá àti Twi: "Imú nìyí. Bí kò bá mí, yóò bú."

Mo gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ń gbèrò ìṣíṣọ mìíràn. Mi ò tíì rí ìwé ìpè. Ohun tí mo rí ni ti àárọ̀ òní, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a tó tanná. Mo ka nọ́ọ̀tì inú agolo: mẹ́rìnlá. Kò sí ohun mìíràn tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbé apá irin náà. Ó gbéra, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí àyè rẹ̀: imú ò dí.